BÍ ÒṢÈRÉ TI Í DÁ ẸLẸ́GÀN LÓHÙN NÍNÚ ERÉ



Àwọn baba wa a máa wí pé bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ìwé, tàbí tí ó dá orin sílẹ̀, tàbí tí ó gbé eré jáde, kò lè ṣàìní ẹni tí yóò bá a wo ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kù sí. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni alárìíwísí, olùrànlọ́wọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sí iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ó ń ṣe àríwísí. Ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ nítorí ìlara, ẹlòmíràn nítorí pé ọ̀rọ̀ inú eré náà bá a wí, ẹlòmíràn nítorí pé ó ní agbára láti pa òṣèré lẹ́nu mọ́. Àwọn wọ̀nyí ni ẹlẹ́gàn.

Nígbà tí ẹ̀gàn bá dé, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún òṣèré. Ó lè dákẹ́, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó lè gbé kálàmù, kí ó kọ èsì sínú ìwé ìròyìn. Ó sì lè mú ẹlẹ́gàn rẹ̀ náà, kí ó wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù eré, kí ó sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tí ń rìn tí ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, kí gbogbo ayé lè rí i kí wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà kẹta yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti òní. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ ọ́n dájú, nítorí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a lè rán wa lọ tí a kì yóò ti bi wá pé, “Tísà, eré wo ni àwọn ọmọ yóò ṣe ní ìparí ọdún?” Ẹni tí ó ní eré lọ́wọ́, ohun tí ó mú ni ó ní lọ́wọ́. Kí ó tó fi kan ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí ó mọ ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

1. ÀWỌN IWIN TÍ Ó GBÉ ỌTÍ FÚN OLÚWA WỌN

Ìtàn àtijọ́ tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jùlọ wà nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Johnson fúnra rẹ̀ ti ṣe olùkọ́ kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé náà ní 1897, ṣùgbọ́n ó ti dolóògbé kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921.

Nígbà tí ogun Tápà ti lé àwọn Ọ̀yọ́ kúrò ní ìlú wọn, Ìgbòho ni wọ́n tẹ̀dó sí nígbẹ̀yìn, Aláàfin mẹ́rin sì jọba níbẹ̀ tẹ̀léra tẹ̀léra. Ẹni ìkẹrin ni Abípà. Òun ni ó pinnu pé òun yóò kó àwọn ènìyàn òun padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí Ìgbòho ti mọ́ wọn lára. Wọn kò sì lè kọ̀ fún ọba lójú, nítorí náà wọ́n dá ọgbọ́n. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ọba ń rán àwọn oníṣẹ́ lọ tún ilẹ̀ náà wò, olúkúlùkù wọn wá ènìyàn kan tí ẹ̀dá ara rẹ̀ yàtọ̀: abuké, àfín, arọ, aràrá, adẹ́tẹ̀, wọ́n sì rán wọn ṣáájú ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ọba dé, tí ilẹ̀ sì ṣú, àwọn wọ̀nyí gbé iná lọ́wọ́, wọ́n ń rìn kiri lórí òkè, wọ́n ń ké pé àyè kò sí fún ènìyàn níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ba àwọn oníṣẹ́. Wọ́n sáré padà wá ròyìn fún ọba pé iwin ti gba ìlú.

Ṣùgbọ́n àṣírí ọ̀ràn náà tú sí ọba lọ́wọ́. Ó yan àwọn ògbójú ọdẹ, ó ní kí wọ́n lọ mú àwọn iwin náà wá. Àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì mú wọn láàyè. Nígbà tí ó di ọjọ́ tí àwọn ìjòyè péjọ sí ààfin gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn lẹ́yìn ẹbọ Jàkúta, ọba ní kí a gbé ọtí fún wọn. Ta ni agbọ́tí? Àwọn iwin ni! Iwin olúkúlùkù ni ó gbé igbá ọtí wá síwájú ìjòyè tí ó rán an níṣẹ́. Ẹ fi ojú inú wo ìjòyè tí ó na ọwọ́ láti gba igbá, tí ó gbé ojú sókè, tí ó sì rí ẹni tí ó gbé e. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe Abípà ní Ọba Mọ́rọ̀, ìyẹn ni ọba tí ó mú iwin.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú eré? Ó ní í ṣe púpọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó parí ìwádìí ńlá lórí eré alárìnjó ní 1969, fi hàn pé ọ̀dọ̀ àwọn iwin Abípà yìí ni àwọn apidán ti ń tọpa ìpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ wọn. Ológbìn Ológbojò ni a fi wọ́n lé lọ́wọ́, òun ni ó sì sọ wọ́n di òṣèré ààfin. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé eré ilẹ̀ wa kò tí ì pé ọjọ́ kan láyé tí ó ti ń dá alátakò lóhùn.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ọgbọ́n ọba yìí, nítorí a ó tún padà bá a níwájú. Abípà kò dá ìtàn kankan sílẹ̀ nípa àwọn ìjòyè. Kò fi kún ìwà wọn, kò sì yọ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni ó gbé padà wá síwájú wọn nínú igbá. Àwọn ni ó kọ eré náà. Ọba kàn yí ibi tí a ó ti ṣe é padà ni.

2. ÀLEJÒ TÍ Ó RÍ ARA RẸ̀ NÍNÚ AGBO

Nígbà tí ó pẹ́, eré apidán di ohun tí Aláàfin fi ń ṣe àlejò. Ní oṣù Fẹ́búárì 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà ayé Aláàfin Májòtú. Ọba pè é wá wòran, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1829, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó rí àwọn tí ń jó nínú àpò, ó rí bí a ti ń fi eré mú òjòlá. Ní apá kẹta, ẹ̀dá kan jáde sí agbo, ó funfun, ó gbẹ, òtútù sì ń mú un. Ó ń fa aṣáà símú, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Òyìnbó ni wọ́n ń ṣe! Àwọn òǹwòran yíjú sí Clapperton láti mọ̀ bí ó ti rí i sí, òun náà sì ṣe bí ẹni pé inú òun dùn.

A kò lè pe Clapperton ní ẹlẹ́gàn apidán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti òkèèrè wá láti wò wá ni, tí ó ń kọ ohun tí ó rò nípa wa sínú ìwé lójoojúmọ́, tí a kò sì lè ka ìwé náà. Àwọn òṣèré kò ní kálàmù láti fi dá a lóhùn. Ohun tí wọ́n ní ni aṣọ àti ẹsẹ̀, wọ́n sì fi wò ó padà. Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ náà ni ó pa ẹ̀rí eré wọn mọ́ fún wa. Bí Clapperton bá ti bínú, tí ó sì fa ojú ìwé náà ya, à bá ti pàdánù ọ̀kan nínú àwọn ìròyìn àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ nípa eré Yorùbá.

Ìdí tí àwọn òṣèré fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú ọba ni pé àṣà wa fún wọn ní àyè. A máa ń wí pé ọba kì í mú ọ̀kọrin. Ní Kétu àti ní agbègbè rẹ̀, níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gbilẹ̀, òru ẹ̀fẹ̀ ni a yà sọ́tọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ọ̀kọrin a bá ìkà wí, a bá ọ̀bàyéjẹ́ wí, a sì dá àwọn tí ń gan ohùn rẹ̀ lóhùn, ilẹ̀ a sì mọ́ láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí aláṣẹ kò bá ka àṣà yìí sí mọ́?

3. HUBERT OGÚNDÉ ÀTI ÌJỌBA ÌWỌ̀ OÒRÙN

Hubert Ogúndé, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní 1916, ti ṣe olùkọ́, ó sì ti ṣe ọlọ́pàá, kí ó tó fi eré ṣe iṣẹ́. Nínú ìjọ Ọlọ́run ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọ Aládùúrà kan ni ó gbé eré Ọgbà Édẹ́nì kalẹ̀ fún ní Èkó ní 1944. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn aláṣẹ létí. Ní 1946, wọ́n fi òfin dè é ní Jos nítorí eré tí ó ṣe lórí ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn ún jùlọ kò ti ọwọ́ òyìnbó wá. Ní 1964, Ẹgbẹ́ Ọmọ Olófin, tí ó sún mọ́ ìjọba Olóyè S. L. Akíntọ́lá, ní kí Ogúndé ṣe eré fún wọn. Ó gbé Yorùbá Ronú jáde. Nínú eré náà a rí ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà, tí a fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́, tí ìyà sì ń jẹ ará ìlú. Ogúndé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti wà ní ẹ̀wọ̀n láti 1963, Akíntọ́lá sì ni olórí ìjọba. Kò sí òǹwòran tí kò fi èyí wé ìyẹn. Inú bí àwọn aláṣẹ. Wọ́n fi òfin dè é pé ẹgbẹ́ Ogúndé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn. Ede wa yìí, Òṣogbo, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, gbogbo ibi tí àwọn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ pọ̀ sí, ni ìlẹ̀kùn ti sé mọ́ ọn. Fún òṣèré tí ń jẹun láti inú owó ìwòran, ìyà kékeré kọ́ ni èyí.

Kí ni Ogúndé ṣe? Ó kọ eré mìíràn, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Òtítọ́ Korò. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ wo orúkọ yìí, nítorí nínú rẹ̀ ni ọgbọ́n gbogbo wà. Òwe tí gbogbo ọmọdé mọ̀ ni. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bínú sí i ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu òun. Ohun tí ó sì korò, òwe ti sọ orúkọ rẹ̀. Ìbínú ẹlẹ́gàn ni Ogúndé sọ di ẹlẹ́rìí fún eré àkọ́kọ́. Gẹ́gẹ́ bí Abípà, kò ní láti dá ohun kan sílẹ̀ nípa àwọn alátakò rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ni ó gbé padà síwájú wọn.

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Jánúárì 1966, Adékúnlé Fájuyì, tí ó di gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn, mú òfin náà kúrò. Ìjọba tí ó ṣe òfin náà ti wọlẹ̀. Orúkọ eré náà kò wọlẹ̀.

4. NÍ ÒKÈ ÒKUN

Kí a má ṣe rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni a ti ń ṣe èyí. Ní ìlú Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, Aristophanes ṣe eré kan ní ọdún 426 ṣáájú ìbí Krístì tí ó bí Cleon, aṣíwájú ìlú, nínú. Cleon fẹ̀sùn kàn án pé ó dójú ti ìlú níwájú àlejò. Ní ọdún 424, Aristophanes gbé eré mìíràn jáde; ó fi Cleon ṣe ẹrú tí ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan olúwa rẹ̀ jẹ, olúwa náà sì dúró fún ará ìlú. Àwọn ará Áténì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn ẹni kìíní. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà ni wọ́n tún yan Cleon ṣe balógun! Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀rín nìkan lè lé alágbára kúrò lórí àga, kí ó rántí èyí.

Èkejì ni Molière ti ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù Kejìlá 1662, ó gbé eré kan jáde ní Paris nípa ọkùnrin kan tí ó tọ́ ọmọbìnrin dàgbà nínú àìmọ̀kan kí ó lè fi ṣe aya. Ariwo ta. Àwọn kan ní eré náà tàbùkù sí ẹ̀sìn, àwọn kan ní kò tẹ̀lé òfin eré kíkọ. Ní oṣù Kẹfà 1663, Molière fi eré kékeré kan dá wọn lóhùn. Inú eré náà kò ju yàrá àlejò obìnrin ọlọ́rọ̀ kan lọ, níbi tí àwọn ènìyàn péjọ tí wọ́n ń jiyàn lórí eré tí ó ṣáájú. Ìjòyè kan wà níbẹ̀ tí ó ń gan eré náà. Nígbà tí a bi í pé kí ni ìdí, ọ̀rọ̀ kan nípa àkàrà tí a dárúkọ nínú eré náà ni ó ń tún wí ṣáá, kò rí òmíràn sọ. Akéwì kan wà níbẹ̀ tí òfin àwọn ará àtijọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tí ó dúró fún Molière, tí ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àríyànjiyàn náà kò parí. Oúnjẹ alẹ́ ni ó dé tí gbogbo wọn fi dìde.

Ohun tí ó wú mi lórí nínú eré yìí ni pé Molière fún àwọn ẹlẹ́gàn rẹ̀ ní ẹnu. Àwọn ẹ̀sùn tí a ń sọ sí i nígboro ni ó kó wá sórí ìtàgé, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ wọn kí a tó gbọ́ èsì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ó tún ṣe òmíràn níwájú Ọba Louis kẹrìnlá ní Versailles, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé kí wọ́n máa gan eré òun bí ó ti wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ inú ilé òun sílẹ̀. Òun náà mọ̀ pé ààlà wà.

5. ẸNI ÒRÌṢÀ NI WỌ́N

Níbi ọ̀rọ̀ ààlà yìí ni mo fẹ́ kí a ti padà wá sílé, sí Ede, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà níhìn-ín tí kò sí nínú ìtàn Abípà.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Ede ni ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-Iná, àti pé ìjà òun àti Gbọ́nkáà ni Dúró Ládiípọ̀ fi kọ́ eré Ọba Kò So ní 1963. Ládiípọ̀ náà ti ṣe olùkọ́. Ní 1961, nígbà tí ó fi ìlù Yorùbá sí orin Àjíǹde ní ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn kan nínú ìjọ bá a wí gidigidi. Kò fi wọ́n ṣe eré. Ó gbé orin rẹ̀ jáde síta, nígbà tí ó sì di 1962 òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀. Ní Ede níhìn-ín ní àkókò kan náà, Tìmì Adétóyèsè Láoyè, tí ó jọba láti 1946 sí 1975, jẹ́ Kristẹni, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó ń kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ta ni ó tún lè sọ níwájú irú ọba bẹ́ẹ̀ pé ìlù kò yẹ Kristẹni? Nígbà mìíràn, iṣẹ́ tí ó dára fúnra rẹ̀ ni èsì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo ní lọ́kàn wà níbi ọdún Ọbàtálá. Àwa kì í bọ òrìṣà, síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ di ojú wa sí ọgbọ́n àwọn baba wa. Wọ́n gbà pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ènìyàn, àti pé abuké, àfín àti arọ jẹ́ tirẹ̀ lọ́nà pàtàkì. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ulli Beier, tí ó ti gbé ní Ede, ṣàpèjúwe nínú ìwé tí ó kọ ní 1959 bí a ti ń ṣe ọdún náà: Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, yóò bá Olúnwi jà ní ìjà eré, Olúnwi yóò ṣẹ́gun, yóò sì gbé e lọ ní ìgbèkùn, Tìmì yóò san owó ìràpadà, a ó sì gbé Àjàgẹmọ padà wá sí ààfin pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ wo eré tí akọni inú rẹ̀ ṣubú, tí kò bú ẹni tí ó dá a, tí a sì tún gbé e ga!

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà wo àwọn iwin Abípà. Àwọn ìjòyè ni ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n abuké àti àfín àti adẹ́tẹ̀ wọ̀nyẹn ńkọ́? Olúwa wọn lò wọ́n fi dẹ́rù ba ènìyàn, ọba lò wọ́n fi dójú ti olúwa wọn. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ohun kan. Bí a bá sọ òkò sí ọjà, a máa ń wí pé ará ilé ẹni ní í bá. Ẹ̀rín náà dára, ó tọ́ sí àwọn ìjòyè, síbẹ̀ ó gba orí ẹni tí kò ṣẹ̀ kọjá.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. Ní ọdún kan mo kọ eré kékeré kan nípa ọba agbéraga. Ọ̀rẹ́ mi kan wò ó nígbà tí a ń kọ́ ọ, ó ní ọ̀rọ̀ ọba gùn jù, pé àwọn ènìyàn yóò sùn. Ọ̀rẹ́ mi yìí a máa kólòlò. Inú bí mi. Mo fi ìránṣẹ́ akólòlò kan kún eré náà, tí ó ń gbìyànjú láti sọ pé ọ̀rọ̀ ọba gùn jù, tí kò sì lè sọ ọ́ tán. Ní alẹ́ ọjọ́ eré, gbogbo gbọ̀ngàn hó fún ẹ̀rín. Ọ̀rẹ́ mi jókòó ní ìlà kejì. Kò dìde, kò sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọba mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn rẹ̀. Mo yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ, mo sì rí i pé ìdajì àwọn òǹwòran ti ń tòògbé. Ẹ̀rín tí mo fi bo àríwísí náà mọ́lẹ̀ kò tún eré mi ṣe. Ó gbà mí ní àkókò pípẹ́ kí n tó lè lọ bẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí ẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Ṣé o ti gé ọ̀rọ̀ ọba kúrú?”

6. ÌWỌ̀N MẸ́TA

Láti inú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, mo rò pé a lè yọ ìwọ̀n mẹ́ta tí olùkọ́ lè fi wọn eré rẹ̀ kí ó tó gbé e jáde.

Ìwọ̀n kìíní: ṣé ìṣe ẹlẹ́gàn ni mo ń fi hàn, tàbí ara rẹ̀? Abípà fi ìṣe àwọn ìjòyè hàn wọ́n. Ogúndé fi òfin ìjọba hàn wọ́n. Èmi fi ahọ́n ọ̀rẹ́ mi ṣe eré. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣe tí kò dára lè ronú, kí ó yí padà; ẹni tí ó kólòlò kò ní ohun tí yóò ronúpìwàdà sí.

Ìwọ̀n kejì: ṣé mo jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀? Bí mo bá ń bẹ̀rù láti jẹ́ kí àwọn òǹwòran gbọ́ ẹ̀sùn tí a fi kàn mí bí a ti sọ ọ́ gan-an, ó lè jẹ́ pé òtítọ́ wà níbẹ̀. Molière kò bẹ̀rù. Èmi bẹ̀rù, nítorí náà ni mo ṣe jẹ́ kí ìránṣẹ́ mi máa sọ ọ́ láìparí rẹ̀.

Ìwọ̀n kẹta: ta ni ó lágbára jù nínú àwa méjèèjì? Àwọn apidán kò ní ìwé, Clapperton ní. Ogúndé kò ní ìjọba, Akíntọ́lá ní. Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tí aláìlágbára fi ń tì lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá di olùkọ́, tí a dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ pẹ̀lú ẹfun àti pàṣán, àwa ni alágbára. Ọmọ tí ó bá sọ pé ẹ̀kọ́ wa kò yé òun, òun ni alárìíwísí wa àkọ́kọ́. Bí a bá fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kí kíláàsì lè rẹ́rìn-ín, a kò ṣe ohun tí Ogúndé ṣe. Ohun tí ìjọba ṣe sí Ogúndé ni a ṣe. Ọmọ náà yóò dákẹ́. A kì yóò sì mọ̀ láéláé ibi tí ẹ̀kọ́ wa ti gùn jù.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti mọ èyí tí ó yẹ kí a fà yọ, àti ẹni tí ó yẹ kí a fà á yọ sí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀPÉJỌ ÀRÒYÉ

1. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàrin àríwísí àti ẹ̀gàn? Fi àpẹẹrẹ láti inú ìlú rẹ hàn.
2. Èwo ni ó dára jù nínú èsì Ogúndé àti ìṣe Ládiípọ̀? Ṣé ohun kan náà ni wọ́n dojú kọ?
3. Bí a bá fẹ́ fi ìtàn Abípà ṣe eré ní ilé-ẹ̀kọ́, báwo ni a ó ti ṣe é tí a kì yóò fi tàbùkù sí abuké, àfín, arọ, aràrá àti adẹ́tẹ̀? Kọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn yóò sọ nígbà tí ó gbé igbá ọtí síwájú olúwa rẹ̀.